Ọjọ́ Tí Màámi Gun Jángílọ́fà

Ẹni tó bá fẹ́ gun jángílọ́fà gíga, àwọn tó ni ẹ̀rọ náà á sọ fún un pé kó má jẹun yó kó tó wá. Wọ́n á ní kó bọ́ bàtà, kó gbé fóònù rẹ̀ fún ẹni tó dúró nílẹ̀, kó sì di ṣéènì mú dáadáa. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé láti òkè yẹn, gbogbo àdúgbò tí èèyàn ń gbé ló máa ń hàn sí i lẹ́ẹ̀kan náà, àti ibi tó fẹ́ rí, àti ibi tí wọ́n ti ní kó má rí. Èmi mọ̀, nítorí mo ti gùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ kò ní ìtàn kankan nínú ju ariwo lọ. Èkejì ni mo fẹ́ sọ, nítorí ìyá mi ló wà lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

Ìgàndò là ń gbé nígbà náà, ní òpópónà kan tí wọn kò da ọ̀dà sí, tí ẹni tó bá wọ bàtà funfun jáde lọ́jọ́ òjò kàn ń wá wàhálà ni. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi. Bàbá mi ń wa tírélà lọ sí Òkè Ọya, nítorí náà bí àlejò ló ṣe rí nínú ilé ara rẹ̀. Màámi la máa ń bá nílé, níwájú máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó ti ń rán yunifọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Aláwàdà ni. Ó lè bú èèyàn kí ẹni náà máa rẹ́rìn-ín lọ sílé. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó ń bà á lẹ́rù ni ibi gíga. Bí a bá jọ dé Ìyànà Ìpájà, kò ní gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ láé. Á dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, á gbá ìró rẹ̀ mú, á sì sáré la àárín ọkọ̀ kọjá. Àwọn awakọ̀ á máa bú u, òun náà á máa dá a padà fún wọn. Mo máa ń sọ fún un pé mọ́tò ló yẹ kó máa bẹ̀rù, kì í ṣe afárá. Á ní mọ́tò ní bíréèkì.

Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni àkọ́bí, èmi ni mo tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ wẹ́dà ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn géètì tó wà ládùúgbò wa, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀kadà tó ń gbé e bọ̀ láti ibi iṣẹ́ forí sọ mọ́tò ní Ìkọ̀tún. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sílé. Àwọn àlùfáà wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n kírun sí i lára. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti wà nínú ilẹ̀.

Nínú ìdílé wa, òbí kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ rẹ̀ lọ sí ibi ìsìnkú. Wọn kì í sì í fi sàréè ọmọ náà hàn án títí láé. Èèwọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló ti Màámi mọ́ yàrá lọ́jọ́ náà, tó sì fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn títí àwọn ọkùnrin fi gbé òkú jáde. Màámi ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn náà láti inú, Ìyá Àgbà ń sunkún níta, kò sì kúrò níbẹ̀. Èmi ni wọ́n mú lọ, nítorí àbúrò ni mí. Mo bá wọn gbé e, mo sì bu iyẹ̀pẹ̀ sí i. Lẹ́yìn Ẹgan ni, nínú itẹ́ kan tí àwọn Mùsùlùmí agbègbè wa ń sin òkú wọn sí. Nígbà tí a padà dé, Ìyá Àgbà fà mí lọ sẹ́yìn ilé. Ó ní bí Màámi bá bi mí ní ọ̀nà ibẹ̀, kí n ní n kò mọ̀ ọ́n. Ó ní òbí tó bá ti mọ sàréè ọmọ rẹ̀ kan, àwọn ọmọ tó kù ti wà nínú ewu. Ó ń wò mí lójú bó ṣe ń sọ ọ́, nítorí kò sí ọmọ mìíràn tó kù ju èmi lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, a kò pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi nínú ilé mọ́. Bí ó bá di dandan kí á dárúkọ rẹ̀, "ẹni yẹn" là ń wí. Màámi kò bi mí ní ọ̀nà itẹ́ náà rí, ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn. Mo ti ń retí ìbéèrè náà, mo ti há irọ́ tí Ìyá Àgbà kọ́ mi sórí, ṣùgbọ́n kò bi mí. Kìkì pé bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, yóò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, yóò máa wo ìta. Mo mọ̀ pé ó ń rò ó bóyá omi ń dúró níbi tí a sin ẹni yẹn sí. Mo bínú sí Ìyá Àgbà, mo bínú sí èèwọ̀ náà, mo bínú sí gbogbo àwọn tó ń wá sílé wa wá sọ pé ó ti tó, kó gbé e ti. Ta ló máa bá a gbé e? Ṣùgbọ́n n kò ní ẹnu àtisọ ọ́. Èmi náà ń bẹ̀rù pé bí mo bá fi ibẹ̀ hàn án, tí nǹkan kan sì ṣe mí lẹ́yìn náà, òun ni wọ́n máa dá lẹ́bi.

Ó ti lé ní ọdún kan tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú kí àwọn kan tó kó ẹ̀rọ ìṣeré wá sí pápá ńlá kan ní Ìgàndò nígbà Iléyá. Wọ́n fi páànù yí pápá náà ká, wọ́n so iná aláràbarà mọ́ ọn, jẹnẹrétọ̀ wọn sì ń dún débi pé àwọn ará ilé tó wà nítòsí ò gbọ́ ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ọmọdé ní ẹṣin tiwọn tó ń yí po, wọ́n ní mọ́tò kékeré tó ń kọlu ara wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ayé ń wò ni jángílọ́fà náà. Òpó irin kan ni, ó ga ju òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lẹ́yìn ilé wa lọ. Agboorùn irin ńlá kan wà lórí rẹ̀, wọ́n sì fi ṣéènì gígùn so àga méjìméjì rọ̀ sí i yí ká. Àga á gòkè, á máa yí, ẹsẹ̀ àwọn tó jókòó sórí rẹ̀ á máa fì lójú ọ̀run. Láti òpópónà wa, a ń rí àwọn ẹsẹ̀ náà bíńtín, a sì ń gbọ́ igbe wọn.

Mo bá àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ. A gùn ún, a pariwo, a sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan nínú wa bì. Bí mo ṣe délé, inú mi ṣì ń dùn, n kò sì kó ẹnu mi ní ìjánu. Màámi wà nídìí máṣíìnì, ó ń rán aṣọ tí wọ́n fẹ́ gbà kí ilé ìwé tó wọlé. Mo dúró lé e lórí, mo ń ròyìn. Mo ní bí a ṣe dé òkè, mo rí òrùlé ilé wa, mo rí mọ́ṣáláṣí, mo rí èéfín ààtàn ńlá yẹn, mo rí ọ̀nà Ìkọ̀tún, mo rí títí dé Ẹgan.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí máṣíìnì. "O rí Ẹgan?"

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo sọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó jìnnà, kò hàn dáadáa. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì rán apá òsì aṣọ kan mọ́ ọ̀tún. Òun tó jẹ́ pé bó bá di ojú ó lè rán yunifọ́ọ̀mù, ó wá jókòó, ó ń tú òwú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. N kò mọ ibi tí mo lè fi ara mi sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí n múra, kí n mú òun lọ. Mo rò pé itẹ́ ló ń sọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka irọ́ Ìyá Àgbà pé n kò mọ ọ̀nà. Ó gbọ́ ọ tán, ó wò mí tìfẹ́tìfẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo ọmọdé tó ní òun kọ́ ló jẹ ẹran.

"Jángílọ́fà ni mo ní kó o mú mi lọ," ó ní. "Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ débẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò ní débẹ̀. Ṣé wọ́n sọ pé mi ò gbọdọ̀ wà lókè ni?"

Mo rán an létí afárá Ìyànà Ìpájà. Ó ní òun ò gbàgbé. Mo ní bí ẹ̀rù bá bà á lójú ọ̀run, kò sí ẹni tó lè bá a dá ẹ̀rọ dúró. Ó ní òun mọ̀. Ó ní bí òun bá ń kírun, tí òun bá fẹ́ ṣe àdúrà fún ẹni yẹn, òun kì í mọ ibi tí òun lè kọjú ọkàn sí. Nígbà mìíràn òun á fọkàn ro ẹ̀gbẹ́ odò, nígbà mìíràn ẹ̀gbẹ́ títì. Òun kàn fẹ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe rí ni, kí òun lè máa fọkàn rí i. Mo ní ó dáa.

Ó ti múra sílẹ̀ ṣáájú kó tó pè mí. Ó ti fi àjẹkù aṣọ ilé ìwé rán ṣòkòtò aláwọ̀ búlúù kan tí ó wọ̀ sábẹ́ ìró, kí atẹ́gùn má bàa dójú tì í. Ó fi pín-ìnnì di híjáàbù rẹ̀ yí ká ọrùn. Bí a ṣe ń rìn lọ, mo ń kọ́ ọ lóhun tó máa wò. Mo ní bí ẹ̀rọ bá ń yí, èéfín ààtàn ni yóò kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn èéfín, yóò rí mọ́ṣáláṣí tí orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Kó tẹjú mọ́ ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí náà. Igi ọ̀pẹ méjì wà níbẹ̀ tó dúró pọ̀. Abẹ́ ọ̀pẹ méjèèjì yẹn ni. Ó ń tún un kà tẹ̀ lé mi: èéfín, mọ́ṣáláṣí, ọ̀pẹ. Ó kà á títí a fi dé ẹnu pápá.

Ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà wò ó, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ò ní àìsàn ọkàn ṣá?"

"Èwo lo fẹ́ mọ̀ ńbẹ̀?" Màámi dá a lóhùn. "Ìwọ sáà di bẹ́líìtì yẹn kó le."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì dì í kó le. Ó ṣàlàyé fún un pé ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ rọra gòkè, pé bí ó bá dé òkè ni yóò tó máa sáré, pé àga á fì síta, ṣùgbọ́n kó má rò pé òun ń ṣubú. Ó ní bí òòyì bá ń kọ́ ọ, kó má wo ilẹ̀, kó máa wo ọ̀kánkán. Màámi ní ọ̀kánkán náà ni òun bá wá.

Bí èèyàn bá wà lórí àga yẹn, kò ní mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ṣe ni yóò dà bíi pé ilẹ̀ ló ń lọ. Àwọn tó dúró níbi páànù á bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, orí wọn nìkan ló máa hàn, lẹ́yìn náà òrùlé tó ti dógùn-ún, lẹ́yìn náà orí igi. Ariwo jẹnẹrétọ̀ á lọ sílẹ̀, atẹ́gùn á gba ipò rẹ̀ nínú etí. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wá mú eré, ṣéènì á nà, àga á dà sí ẹ̀gbẹ́, ọkàn èèyàn á sì fò sókè bí ìgbà tí mọ́tò bá já sí kòtò lójijì, àmọ́ kì í tètè padà sípò.

Màámi ti di ojú. Ó dì í pinpin, ètè rẹ̀ ń mì, kálímà ló ń kà. Ó ti mú ọwọ́ kan kúrò lára ṣéènì, ó fi di apá aṣọ mi mú. Mo pariwo sí i pé kó lajú, pé èéfín ti kọjá, pé mọ́ṣáláṣí ló kàn. Ó mi orí. A yí po, èéfín tún dé. Mo tún pariwo. Kò lajú. Nígbà náà ni èmi fúnra mi wo abẹ́ ọ̀pẹ.

Ní ọjọ́ tí mo bá àwọn ọ̀rẹ́ mi gùn ún, n kò wo ibẹ̀. Mo rí Ẹgan, mo sì gbé ojú kúrò. Ní báyìí mo wò ó. Lọ́jọ́ tí a sin ẹ̀gbọ́n mi, òfìfo ni ẹ̀gbẹ́ yẹn. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ ló wà níbẹ̀, tirẹ̀ sì dá dúró lábẹ́ ọ̀pẹ tó wà lápá ọ̀tún. Èyí tí mo ń rí láti òkè yìí ti kún. Ó kún láti ìdí ọ̀pẹ títí dé ògiri, òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì, òmíràn kéré débi pé ti ọmọdé ló máa jẹ́. Koríko ti bo àwọn mìíràn. Mo wá tirẹ̀. A yí po, mo tún wá a. N kò rí i. N kò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Èmi tí wọ́n ní kí n fi ọ̀nà ibẹ̀ pamọ́, n kò ní nǹkan kan tí mò ń fi pamọ́ mọ́. Mo ń wá a, n kò ráyè pariwo sí Màámi mọ́.

Bóyá nítorí pé mo dákẹ́ ni Màámi fi lajú. Ó wò mí, ó wo iwájú, ó sì bi mí pé níbo. Mo na ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti ń dín eré rẹ̀ kù, ó ti kó wa kọjú sí apá Ìkọ̀tún. Nígbà tí a fi máa yí dé ẹ̀gbẹ́ Ẹgan padà, a ti wálẹ̀ kọjá orí igi. Páànù ló rí, òrùlé lórí òrùlé, àti aṣọ tí ẹnì kan sá sẹ́yìn ilé. Ó ń na ọrùn, ó ń na ọrùn, títí ẹsẹ̀ wa fi kan ilẹ̀.

Lẹ́yìn jángílọ́fà, ilẹ̀ á máa yí fún ìgbà díẹ̀. Mo di Màámi mú lọ sí ibi tí wọ́n to búlọ́ọ̀kù sí, ó jókòó, ó sì bú sẹ́kún. N kò rí i kó sunkún báyìí láti ọjọ́ tí Ìyá Àgbà fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Obìnrin kan mú omi wá fún un, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bẹ̀rù mọ́, pé ó ti dé ilẹ̀. Àwọn ọmọ kan ń rẹ́rìn-ín. Ó wù mí kí n gbá wọn létí.

Nígbà tí obìnrin náà lọ, Màámi ní òun ò rí i. Mo ní kí á tún un gùn, pé lọ́tẹ̀ yìí kó lajú láti ìsàlẹ̀. Ó mi orí. Ó ní kì í ṣe ibi gíga ló ba òun lẹ́rù. Ó ní bí òun ṣe gbọ́ tí mo ní mọ́ṣáláṣí ló kàn, òun mọ̀ pé bí òun bá lajú báyìí, ẹni yẹn ti kú nìyẹn. Ní gbogbo ìgbà tí wọn kò jẹ́ kí òun rí nǹkan kan, apá kan nínú ọkàn òun ṣì máa ń retí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Mo jókòó tì í lórí búlọ́ọ̀kù.

"Ìwọ rí ibẹ̀?" ó bi mí.

"Mo rí i, Mà."

Ó ní báwo ló ṣe rí. Mo sọ fún un pé àwọn ọ̀pẹ ṣì wà níbẹ̀, pé koríko ti hù, pé ilẹ̀ ibẹ̀ ga, omi kì í dúró síbẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ. Ó ń mi orí pé òun gbọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi etí híjáàbù nu imú.

"Ṣé òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀?"

"Òun nìkan kọ́, Màámi," mo ní. "Wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ti kún dé ògiri."

Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀. "Alihamudulilai," ó ní, jẹ́jẹ́. Ó na ọwọ́ sí mi kí n fà á dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, a sì forí lé ilé. N kò sọ fún un pé n kò mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi mọ́ nínú wọn, n kò sì tíì sọ ọ́ títí dòní.